Ohun tí mo kọ́ lẹ́yìn Mọ́mì Aránṣọ, obìnrin tó ń bá àwọn alárùn jẹjẹrẹ rìn

Ẹ ṣeun gan-an gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wa kẹ́dùn lórí ikú Mọ́mì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọkọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀pọ̀ yín ló ń bi mí pé ta ni obìnrin yìí gan-an tí èrò fi pọ̀ tó báyẹn níbi ìsìnkú aránṣọ, tí kì í ṣe ìyàwó olóṣèlú, tí kò sì lówó rẹpẹtẹ, tó wá jẹ́ pé àwọn obìnrin tí irun orí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń sunkún lẹ́yìn pósí. Mo ní mo máa kọ ọ́. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí òun fúnra ẹ̀ ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà láyé, ó máa ń sọ pé àìsàn yẹn ni kí n máa sọ, kí n fi òun sílẹ̀. Mọ́mì la máa ń pè é, àwọn oníbàárà ẹ̀ ń pè é ní Mọ́mì Aránṣọ. Kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ ló pa á o, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, jẹjẹrẹ ò ṣe é rí láyé ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ló ní l'Ókè-Àdó n'Ìbàdàn, tépù ìwọnṣọ ló sì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ó sọ fún mi pé oníbàárà òun kan, tí wọ́n ti jọ mọra láti ìgbà ọmọge, wá wọn aṣọ ẹbí, bóun ṣe yí tépù mọ́ ọn láyà báyìí ló gbọn ara ẹ̀ sẹ́yìn, ó ní kóun máa lo ìwọ̀n àtijọ́. Mọ́mì ò gbà. Wọ́n wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì tí wọ́n ti máa ń wọṣọ wò, ìgbà yẹn ló wá rí i pé obìnrin yẹn ti fi àkísà wé ọmú òsì ẹ̀, ó ti di egbò, ó ti ń rùn, ó sì ti lé lọ́dún kan tó ti mọ̀ pé kókó wà níbẹ̀. Kò sọ fọ́kọ, kò sọ fọ́mọ. Mọ́mì ní kí ló dé. Ó ní, "Kò kúkú dùn mí." Obìnrin yẹn ò pẹ́ láyé lẹ́yìn ẹ̀, Mọ́mì ló rán aṣọ tí wọ́n fi sin ín, ó ní bóun ṣe ń rán an lóun ń ronú pé aránṣọ mélòó ló ti rí irú ẹ̀ tí wọ́n panu mọ́.

Ọ̀rọ̀ "kò kúkú dùn mí" yẹn ló gbé kiri títí tó fi kú. Torí lọ́dọ̀ tiwa, àìsàn tí kò bá tíì dunni a kì í kà á sí àìsàn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kókó jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, ìgbà tó bá fi máa dunni ó ti rìn jìnnà. Mọ́mì máa ń sọ fáwọn obìnrin ọjà pé ẹ má dúró de ìrora, ẹ wo ọmú yín nínú dígí, ṣé kò fà wọlé níbì kan, ṣé ara ẹ̀ ò rí bí èèpo ọsàn, ṣé orí ọmú tó máa ń yọ síta tẹ́lẹ̀ ò ti wọlé lọ, ṣé ẹ̀jẹ̀ ò jáde níbẹ̀, ẹ fọwọ́ wá abẹ́ abíyá yín náà wò. Ó sì máa ń tẹnu mọ́ ọn pé kì í ṣe gbogbo kókó ni jẹjẹrẹ, kẹ́rù má bàa bà wọ́n débi tí wọ́n á sá, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló jẹ́ kókó lásán, pàápàá lára àwọn ọmọdébìnrin, àmọ́ àyẹ̀wò ló lè sọ èwo lèwo.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọgbọ́n ẹ̀ ni pé kò bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn dókítà. Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ ló kọ́kọ́ lọ, ó lọ síbi mítíǹgì wọn, ó ní ẹ̀yin lẹ̀ ń fọwọ́ kan àyà obìnrin lójoojúmọ́, tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ti yàtọ̀ sí ìkejì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ló lọ bá àwọn tó ń ta kọ́mú ní Dùgbẹ̀ àti Ọjà-Ọba, torí obìnrin tó bá ń fi nǹkan pa mọ́ máa ń wá ra kọ́mú tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn onídìrí náà, Mọ́mì ní kò síbi tí obìnrin ti ń sọ àṣírí tó ibi tó bá ti jókòó fún wákàtí mẹ́ta tí wọ́n ń di irun ẹ̀.

Bí èmi ṣe mọ̀ ọ́n rèé. Wọ́n gé ẹran díẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fún àyẹ̀wò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí mọ̀ ọ́n, wọ́n á jù ú sínú ìgò kékeré tí omi fọ́malíìnì, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, wà nínú ẹ̀, wọ́n á wá gbé e lé ìwọ èèyàn aláìsàn lọ́wọ́ pé kó o gbé e lọ sí láàbù. Mo dúró ní kọ́rídọ̀ pẹ̀lú ìgò yẹn nínú náílọ́ọ̀nù dúdú, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Obìnrin àgbà kan tó fi tépù ìwọnṣọ kọ́rùn wá bá mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ni ín?" Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni mà. Ó ní, "Orúkọ ẹ̀ ńkọ́, ara ìgò ni wọ́n kọ ọ́ sí àbí orí ìdérí?" Mo wò ó, orí ìdérí ni. Ó ní tí wọ́n bá ṣí ìdérí ìgò mẹ́wàá sórí tábìlì kan náà, ta ló máa mọ ti ẹ̀gbọ́n mi. Ó yọ bírò àti plásítà nínú báàgì ẹ̀, ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà ọsibítù ẹ̀gbọ́n mi sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìgò, ó fi èékánná tẹ eteetí ẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa kó má bàa ṣí. Ó wá tẹ̀ lé mi dé láàbù. Nígbà tá a débẹ̀ ló bi mí bóyá dókítà kọ tẹ́ẹ̀sì ER, PR àti HER2 sínú ìwé, mi ò mọ nǹkan tó ń sọ rárá, ó wá ṣàlàyé pé tẹ́ẹ̀sì yẹn ló máa sọ irú jẹjẹrẹ tó jẹ́ àti oògùn tó máa ran án, pé bí wọn ò bá tètè ṣe é, a máa padà wá wá ẹran yẹn kiri lẹ́yìn oṣù mélòó kan nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣàdúrà fún wa lọ́sẹ̀ yẹn, mo mọrírì ẹ̀, àmọ́ plásítà yẹn ni mo ṣì ń rántí.

Ìgbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé gbogbo ẹni tó bá bá pàdé ló máa ń fún ní fáìlì. Fáìlì páálí lásán ni, èyí tí wọ́n ń tà fáwọn ọmọ iléèwé, ó máa lu ihò sí i, ó máa fi okùn aṣọ so ó. Inú ẹ̀ lèsì àyẹ̀wò máa wà, èyí tó jẹ́ ojúlówó, tí ìwọ aláìsàn máa mú dání, kó o fi fọ́tòkọ́pì sílẹ̀ fún ọsibítù. Rìsíìtì. Orúkọ oògùn tí wọ́n fà sí ẹ lára, ọjọ́ tí wọ́n fà á, bó ṣe ṣe ẹ́ lẹ́yìn ẹ̀. Nọ́ńbà àwọn tó lè fún ẹ lẹ́jẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá fáìlì tó sọnù rí ní ọsibítù ńlá mọ ìdí ẹ̀. Mo rí ẹnì kan tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo fún láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tó kó lọ sílùú míì, àfi ìgbà tó yọ fáìlì Mọ́mì jáde, dókítà ibẹ̀ kà á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ látibi tí wọ́n bá a dé.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ ńkọ́. Ibí yìí ni mo ti kọ́ nǹkan tó pọ̀ jù. Kí n tó mọ Mọ́mì, inú máa ń bí mi sáwọn ọkùnrin tí wọ́n á ní ìyàwó àwọn ò ní gé ọmú, tí wọ́n á mú un lọ sábúlé. Mọ́mì kì í bá wọn jà. Ó máa wọ ìró àti bùbá tó dáa, ó máa lọ bá wọn nílé nírọ̀lẹ́, kódà tí ọkùnrin náà ò bá ju ọjọ́ orí ọmọ ẹ̀ lọ, ó máa kí i ní "ọkọ mi", ó máa ní ẹ̀yin la wá bá o, ẹ̀yin lẹ ni aya yín. Kò ní dárúkọ ọmú lákọ̀ọ́kọ́ rárá. Ó máa bi í nípa àwọn ọmọ, nípa iṣẹ́, lẹ́yìn náà ló máa wá bi í pé kí lẹ̀rù ẹ̀ ń bà ẹ́ gan-an. Ẹ ò ní gbà gbọ́ ohun táwọn ọkùnrin máa ń sọ. Ọ̀kan ní ìyá òun kú sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ọ̀kan ní wọ́n ní tí abẹ bá kàn án, ó máa tàn ká, òun ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa pa ìyàwó òun. Òmíràn ò lówó ni, ojú ń tì í láti sọ ọ́, ó wá yá a lára láti máa fi ìbínú bò ó. Mọ́mì máa dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan, pé gígé ẹran yẹ̀ wò kì í tan jẹjẹrẹ ká, pé pípẹ́ tí wọ́n ń pẹ́ kí wọ́n tó gbé e wá ló ń pa wọ́n, lẹ́yìn náà á ní kí ọkọ fúnra ẹ̀ bá ìyàwó wá sí klíníìkì lọ́jọ́ tó ń bọ̀, kóun náà jókòó síwájú dókítà kó béèrè tẹnu ẹ̀. Ọkùnrin tó bá ti wọ yàrá dókítà yẹn lẹ́ẹ̀kan, kì í sábà sá mọ́.

Bó ṣe ṣe é fáwọn pásítọ̀ àti áfà náà nìyẹn. Kò sọ fẹ́nikẹ́ni rí pé kó fi àdúrà sílẹ̀, olùgbàdúrà lòun náà. Ó máa ní kí pásítọ̀ gbàdúrà sórí ọjọ́ kẹ́mò, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n máa ń fà síni lára, kó bẹ Ọlọ́run pé kí oògùn ṣiṣẹ́, kó sì fún aláìsàn lówó mọ́tò. Ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, àsálátù ọjọ́ Sunday, kò síbi tí kò dé. Áfà kan wà tó jẹ́ pé òun gan-an ló wá ń fóònù Mọ́mì nígbẹ̀yìn tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀ wá fún un, pé Ìyá, ẹ wá wo ẹni yìí o.

Ó máa ń fi àwọn tí gbogbo ayé mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ fáwọn tójú ń tì. Arábìnrin Betty Anyanwu-Akeredolu, wọ́n rí jẹjẹrẹ ọmú lára ẹ̀ ní 1997, kò fi pa mọ́, ó dá BRECAN, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọmú, sílẹ̀ n'Ìbàdàn níbí, ó sì ti pẹ́ tó ń sọ ọ́ ní gbangba kí ọkọ ẹ̀ tó di gómìnà Òǹdó ní 2017. Mọ́mì máa ń ní ẹ wo obìnrin yẹn, ọdún mélòó rèé, ó wà láyé. Fáwọn ọmọdébìnrin tó bá sọ pé àìsàn àwọn ìyá àgbà ni, á sọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé fún wọn, tó kàwé dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó lọ sí Chicago, tó sì ti fọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí ìdí tí jẹjẹrẹ ọmú fi máa ń bá àwọn obìnrin tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà lọ́mọdé, tó sì máa ń le lára wọn. Lọ́dọ̀ wa níbí ọ̀pọ̀ ni kì í tíì pé 50. Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, ṣírò ẹ̀ pé ní 2022 nìkan, ó lé ní 32,000 obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà, àwọn tó pa lọ́dún yẹn sì lé ní 16,000. Tí mo bá rántí nọ́ńbà yẹn, obìnrin ẹ̀yìn kọ́tìnnì yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, àwọn tí wọ́n ti mọ̀, tí wọ́n ń ṣe sùúrù fún ìrora.

Ẹ jẹ́ n sọ ti kẹ́mò díẹ̀ torí àwọn kan nínú yín wà lẹ́nu ẹ̀ báyìí. Oògùn kan wà níbẹ̀ tó pupa, lẹ́yìn tí wọ́n bá fà á, ìtọ̀ rẹ máa pupa, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, má jáyà. Irun máa já, ó máa hù padà. Àmọ́ ohun kan wà tí Mọ́mì kì í fi ṣeré, ìyẹn ni ibà. Kẹ́mò máa ń dín àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀ kù, tí ara bá wá gbóná tó 38, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ òru, ẹ ò gbọdọ̀ rà oògùn ibà lọ́wọ́ kẹ́míìsì kẹ́ ẹ sùn lé e. Gbogbo ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ kẹ́mò ló máa ń fún ní tẹmómítà kan pẹ̀lú fáìlì. Ẹ̀gbọ́n mi lò ó. Òru ọjọ́ kan ló wọ̀n ọ́n, ó ti kọjá 38, a gbé e dìde, a ò dúró kí ilẹ̀ mọ́, wọ́n dá a dúró síbẹ̀, dókítà ní ká ní a jẹ́ kó di àárọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Kí n wá sọ ti ọmú aṣọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé ọmú kan, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á ká tísù tàbí àkísà sínú kọ́mú, ó máa ń yọ, ó máa ń gòkè lọ sọ́rùn, obìnrin á máa fọwọ́ dì í mú láàárín ọjà. Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù wọ́n gan-an. Mọ́mì rán tiẹ̀ pẹ̀lú aṣọ òwú tó rọ̀, ó gé e bí ọmú, ó kó òwú sínú ẹ̀, ìgbà tó yá ó rí i pé ó fúyẹ́ jù, pé èjìká tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì ń wọ́lẹ̀, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Ló bá rán àpò kékeré kan sínú ẹ̀, ó da ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ sí i, ó gbé ọmú aṣọ yẹn lé orí òṣùwọ̀n títí tó fi wúwo tó ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó máa rán àpò sínú kọ́mú kó lè jókòó síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wọ tiẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó wo dígí, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó wá ní, "Mọ́mì, mo lè wọ bùbá mi." Òun ló ń rán an báyìí. Oògùn tamoxifen, tí kì í jẹ́ kí jẹjẹrẹ tètè padà wá, ló ṣì ń lò lójoojúmọ́, ọdún márùn-ún ni wọ́n ní kó fi lò ó, Mọ́mì ló máa ń pè é pé ṣé o ti lo tòní, torí àwọn kan máa ń dá a dúró tí ara wọn bá ti yá.

Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ tó ń dènà kòkòrò HPV fáwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní 2023, tó sì kan ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 2024, àwọn èèyàn ń gbé e kiri lórí WhatsApp pé ó ń jẹ́ kọ́mọ yàgàn. Ọmọ-ọmọ ẹ̀ obìnrin ni Mọ́mì kọ́kọ́ mú lọ gbà á, ó wá mú ọmọ yẹn lọ́wọ́ kiri àdúgbò, ó ní ẹ wò ó, èmi náà fẹ́ rí ọmọ tó máa bí. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, kòkòrò yẹn ló sábà máa ń fà á. Àyẹ̀wò ẹ̀ náà ò le, wọ́n á fi fínígà pa ibẹ̀, wọ́n á dúró fún bí ìṣẹ́jú kan, tí ibi tí kò dáa bá wà, ó máa funfun, wọ́n sì lè tọ́jú ẹ̀ kó tó di jẹjẹrẹ rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí tí nǹkan oṣù ti dá dúró tí ẹ̀jẹ̀ tún wá ń yọ, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ó máa lọ fúnra ẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló yè. Mo ní láti sọ ọ́. Àwọn kan tà ilẹ̀, wọ́n tà mọ́tò, owó tán láàárín kẹ́mò. Àwọn kan ti parí kẹ́mò, ó ku ìtànṣán tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tàn síni lára láti pa jẹjẹrẹ, ẹ̀rọ bàjẹ́, ó di kí wọ́n lọ wá a nílùú míì, kí wọ́n san owó ilé níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀. Inú ń bí mi sí ìyẹn títí dòní, mi ò rò pé ó yẹ kí ìbínú yẹn kúrò. Tí dókítà bá sọ pé kò sí nǹkan tó kù mọ́, Mọ́mì ò ní dá ẹsẹ̀ ẹ̀ dúró nílé ẹni yẹn. Òun ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé oògùn ìrora tó lágbára wà, mọfíìnì olómi tí wọ́n ń mu, pé ẹ̀ka tó ń rí sí irú ẹ̀ wà ní UCH, ọsibítù ńlá Yunifásítì n'Ìbàdàn, pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ké mọ́jú nítorí pé àwọn ará ilé rò pé ìrora jẹ́ ara ikú. Ó máa fọ ẹnu wọn, ó máa pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó máa bá wọn kọ orúkọ ẹni tó máa mú ọmọ sọ́dọ̀ sílẹ̀ tí wọ́n bá ní kóun kọ ọ́.

Ṣọ́ọ̀bù ṣì ṣí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ méjì pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi ló wà níbẹ̀, ọmú aṣọ ò tíì di owó, ẹni tó bá ní nǹkan a máa mú aṣọ òwú tàbí ìlẹ̀kẹ̀ wá. Iṣẹ́ tí Mọ́mì ń lé kí ara ẹ̀ tó kọ̀ ni ti àwọn oní-Micra, àwọn tó ń wa takisí, torí ó ní ọkọ ni gbogbo wọn, wọn ò ráyè wá sí ìpàdé kankan, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló máa ń jókòó sí gárééjì láàárọ̀ tí wọ́n bá ń tò. A ti lọ bá alága wọn ní Mókọ́lá. Ó ní ká wá lọ́jọ́ Monday, kó tó di aago méje, ká má mú ju èèyàn mẹ́ta lọ, ká sì sọ ọ́ kúkúrú. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa sọ̀rọ̀.